Ẹ̀yin Olóòtú, Ẹ̀rù Làwọn Gbájúẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Mú Wa, Ẹ Bá Wa Dá Sí I

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe ni mo ń ṣe, ohun tó sì jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń pọ̀ jù. Èèyàn á gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́, tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò báyìí mi ò ní rí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀, owó tó wà nínú àkáǹtì ẹ̀ ló ti lọ. Kò sóhun tó ṣe kọ̀ǹpútà, ẹni tó ni ín ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣílẹ̀kùn fólè torí wọ́n ti dẹ́rù bà á. Ẹ̀rù yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí gbogbo ìgbà tá a bá ti ń sọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ nìkan la máa ń sọ, a kì í sọ ti ọkàn èèyàn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ làwọn gbájúẹ̀ yìí ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa o, ẹ má rò pé púrúǹtù ni, ó jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀ ó ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó ṣe tẹ àwòrán kan báyìí ni gbogbo ojú kọ̀ǹpútà bá yí pa dà, ó di búlúù, nǹkan ń han gooro bíi fèrè ọkọ̀ panápaná, ohùn obìnrin kan wá ń sọ ọ́ léraléra pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà yìí, wọ́n ti ń jí nọ́ńbà báǹkì ẹ kó, má pa á o, tó o bá pa á gbogbo fáìlì ẹ á run. Ó ń ti máòsì síbí, ó ń tì í sọ́hùn-ún, kò rí ibi tó máa tẹ̀ láti fi pa á. Nọ́ńbà fóònù kan sì wà níbẹ̀ gàdàgbà, wọ́n ní Microsoft, iléeṣẹ́ tó ṣe Windows tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ni, kó tètè pè.

Ìyá pè é. Ọkùnrin tó gbé e fara balẹ̀, "Mà" ló ń pè wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àwọn máa bá wọn yanjú ẹ̀ kíákíá. Ó ní kí wọ́n da AnyDesk, áàpù tó ń jẹ́ kí ẹlòmíì máa darí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n ka nọ́ńbà tí wọ́n bá rí níbẹ̀ fóun, kí wọ́n sì tẹ Accept. Látìgbà yẹn lọ, kọ̀ǹpútà ti kúrò lọ́wọ́ ìyá. Ọkùnrin yìí ṣí ohun kan tí wọ́n ń pè ní Event Viewer, pupa àti yẹ́lò ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ó ní, "Ẹ wò ó, Mà, gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí yìí, àwọn tó ti wọlé sí kọ̀ǹpútà yín nìyẹn." Àyà ìyá já. Ó tún ka nọ́ńbà gígùn kan fún wọn, 888DCA60 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ló bá ṣí ibì kan tó dúdú lójú kọ̀ǹpútà, ó tẹ nǹkan sí i, nọ́ńbà yẹn gan-an ló jáde. "Ṣẹ́ ẹ rí i pé òun náà ló wà lọ́wọ́ mi? Ta ló tún lè mọ̀ ọ́n bí kì í bá ṣe àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà yín?" Ibẹ̀ ni ìyá ti gbà á gbọ́ pátápátá, bí èmi náà ò bá sì mọ iṣẹ́ yìí, bóyá ni mi ò ní gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, tí kọ̀ǹpútà Windows bá wà nítòsí, ẹ lọ ṣí Event Viewer yẹn fúnra yín. Ẹ máa rí ẹ́rọ̀ pupa níbẹ̀, kódà bí kọ̀ǹpútà ọ̀hún ò bá tíì pẹ́ tó jáde nínú páálí. Ìwé àkọsílẹ̀ lásán ni, ibẹ̀ ni Windows máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí: áàpù kan kọ̀ tí ò ṣí, ó kọ ọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò dáhùn, ó kọ ọ́, íntánẹ́ẹ̀tì já tó tún pa dà dé, ó kọ ọ́. Nọ́ńbà 888DCA60 yẹn ńkọ́? Ẹ ṣí Command Prompt, ìyẹn ibi tó dúdú yẹn, ẹ tẹ assoc sí i, ẹ máa rí i lára àwọn ohun tó máa tò jáde. Àmì tí Windows fi ń dá apá kan mọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀ ni, ọ̀kan náà sì ni lórí gbogbo kọ̀ǹpútà Windows, tèmi, tiyín, tolè náà. Mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà méjì ti ara wọn kí n fi han àwọn oníbàárà mi, ṣe ni wọ́n máa ń lanu sílẹ̀, inú á wá bí wọn. Ìbínú yẹn dáa. Ẹni tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí i, ó máa ṣòro kẹ́nì kan tó tún fi dẹ́rù bà á.

Èyí tó ń han gooro lójú kọ̀ǹpútà yẹn náà, ìpolówó èké ni. Kò lè mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì wà lórí kọ̀ǹpútà yín tàbí kò sí, torí pé ojú ewé téèyàn kàn ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò lágbára láti wọnú kọ̀ǹpútà lọ máa yẹ fáìlì wò. Wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ kó bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ni, kẹ́ ẹ má bàa rí ibi tẹ́ ẹ ti máa pa á. Ẹ tẹ Esc mọ́lẹ̀, ẹ má tètè gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Tí ò bá lọ, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á jáde, ẹ mú bùráúsà yín, ìyẹn áàpù tẹ́ ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, níbẹ̀, ẹ tẹ End task. Tíyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, bọ́tìnì tẹ́ ẹ fi ń tan kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tó fi máa kú, fáìlì yín ò ní run, ohun tẹ́ ẹ ṣì ń tẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ò tíì tọ́jú nìkan ló lè lọ. Tẹ́ ẹ bá tún tàn án tí bùráúsà bi yín pé ṣé kóun ṣí àwọn ojú ewé tẹ́lẹ̀ pa dà, ẹ ní rárá. Ó tán. Microsoft fúnra wọn ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ìkìlọ̀ tó bá tọ̀dọ̀ àwọn wá kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú, àwọn kì í sì í ṣàdédé pe èèyàn pé kọ̀ǹpútà ẹ̀ ti bà jẹ́. Ẹni tí ò dé ilé yín rí, tó dúró sójú títì tó ń pariwo pé ejò wà ní yàrá yín, tó wá ní kẹ́ ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sóun, ṣẹ́ ẹ máa jù ú sí i?

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ibẹ̀ ló sì máa ń dùn mí jù. Wọ́n á ní kéèyàn lọ ra gift card, káàdì tí wọ́n ti sanwó sínú ẹ̀, kó ha ẹ̀yìn ẹ̀, kó ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ fáwọn, àbí kó fi Bitcoin, irú owó kan tó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà, ránṣẹ́. Wọn ò ní jẹ́ kó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á tún kọ́ ọ lóhun tó máa sọ tí òṣìṣẹ́ báǹkì tàbí ẹni tó ń ta káàdì bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní kẹ́ ẹ parọ́ fún báǹkì yín, olè ni, kò tún sí ìwádìí kankan tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe lórí ẹ̀ mọ́.

Àwọn mìíràn ò ní béèrè owó rárá, wọ́n á ní àwọn fẹ́ dá owó pa dà fún yín ni. Wọ́n á pè pé iléeṣẹ́ àwọn ti fẹ́ kógbá sílé, owó tẹ́ ẹ san nígbà kan fún ìtọ́jú kọ̀ǹpútà ti di tiyín. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn wọ orí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì ṣí ojú ewé báǹkì yín. Wọ́n á wá yí iye tó wà lójú ewé yẹn, kì í ṣe nínú àkáǹtì o, ojú tẹ́ ẹ fi ń wò ó nìkan ni wọ́n yí, bùráúsà gbogbo ló láyè téèyàn lè fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tún ojú ewé yẹn ṣí, ó ti pòórá. Àmọ́ wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tún un ṣí. Ẹkún ni wọ́n á bú sí, "Mà, mo ti ṣàṣìṣe, òdo kan ni mo fi lé e, wọ́n máa lé mi níbi iṣẹ́, mo lọ́mọ nílé, ẹ dákun ẹ dá ìyókù pa dà." Owó gidi lẹ máa fi ránṣẹ́, owó tí wọ́n láwọn san fún yín ò sì dé ibì kankan. Ẹ̀rù ni wọ́n fi mú ti àkọ́kọ́, àánú ni wọ́n fi mú èyí, èyí tó tún burú ni pé ẹni tó láàánú jù ló máa ń kó sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò kéré o. Lọ́dún 2024 nìkan, owó táwọn èèyàn fẹjọ́ ẹ̀ sun FBI, àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, pé irú àwọn ayédèrú oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn ju 1.4 bílíọ̀nù dọ́là lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló sì ti lọ jù. Àwọn tó fẹjọ́ sùn la ń wí yẹn o. Kì í sì í ṣe àwọn tó fara pa mọ́ nìkan ló ń dẹ́rù bani. Lọ́dún 2019, Office Depot, iléeṣẹ́ tó ń ta ohun èlò ọ́fíìsì, àti Support.com tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbà láti san 35 mílíọ̀nù dọ́là nígbà tí FTC, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kàn wọ́n pé ètò tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà wò ń sọ pé ó ní àìsàn nígbà tí kò ní. Ṣe ni wọ́n á bi oníbàárà pé ṣé kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń falẹ̀, ṣé ó ń ṣàdédé kú, tó bá ti lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan nínú ìbéèrè náà, ohun tí ètò yẹn máa sọ ti wà nílẹ̀. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí, ojú ń tì mí tí mo bá rántí ìyẹn, torí ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà wá bá wa ti gbà pé a mọ̀ ju òun lọ.

Kò túmọ̀ sí pé fáírọ́ọ̀sì ò sí o. Ó wà, ó sì ti wà tipẹ́. Brain tí wọ́n sábà máa ń pè ní fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó jà lórí irú kọ̀ǹpútà IBM PC, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan nílùú Lahore lórílẹ̀-èdè Pakistan ló ṣe é lọ́dún 1986, wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù wọn sínú ẹ̀ pé kéèyàn wá bá àwọn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn ò fẹ́ káwọn èèyàn máa da iṣẹ́ àwọn kọ láìsanwó ni. ILOVEYOU dé lóṣù karùn-ún ọdún 2000, ó tìlú Philippines wá, lẹ́tà ìfẹ́ ló pera ẹ̀ nínú ímeèlì, orúkọ fáìlì ẹ̀ parí sí .TXT.vbs, vbs yẹn ló ń fi hàn pé kì í ṣe ìwé, ètò tó ń ṣiṣẹ́ ni, àmọ́ Windows máa ń fi ìdí orúkọ pa mọ́ nígbà yẹn, TXT nìkan làwọn èèyàn rí, wọ́n rò pé ìwé lásán ni. Ta ni ò ní fẹ́ mọ ẹni tó nífẹ̀ẹ́ òun? Ẹ ò rí i pé ọkàn náà ni wọ́n tún gbà wọlé.

WannaCry tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, òun ò dúró de kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ní May 12, 2017, ó tàn ká orílẹ̀-èdè bí 150, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ní kí wọ́n san 300 dọ́là ní Bitcoin kóun tó ṣí i, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ò lè gba aláìsàn bó ṣe yẹ lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀, láti March 14 ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó dí ihò tó gbà wọnú Windows jáde. Ó lé ní oṣù kan àtààbọ̀! Ìdí tí mo fi máa ń bá àwọn oníbàárà mi jà lórí update nìyẹn, tí kọ̀ǹpútà bá ní òun fẹ́ ṣe update, ẹ jẹ́ kó ṣe é, ẹ yéé tẹ "tó bá yá" lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo Windows 10, October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó wà fún gbogbo èèyàn dúró, tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa lò ó lọ, ẹ rí i pé ẹ forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àtúnṣe tí wọ́n ṣètò, tàbí kẹ́ ẹ bọ́ sórí tuntun bí kọ̀ǹpútà yín bá gbà á.

Ọ̀kan tún wà tó ń jà nísinsìnyí tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbójú fò. Ẹ máa dé orí ìkànnì kan, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi hàn pé èèyàn ni yín, kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Èyí ti mọ́ wa lára, àbí? Àmọ́ dípò kẹ́ ẹ mú àwòrán, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R, lẹ́yìn náà Ctrl àti V, lẹ́yìn náà Enter. Ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín fi fáírọ́ọ̀sì sórí kọ̀ǹpútà yẹn, torí wọ́n ti da àṣẹ kan sọ́wọ́ yín láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, Ctrl àti V yẹn ló máa lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, Enter ló máa ṣe é. Kò sí ìdánwò èèyàn-àbí-róbọ́ọ̀tì tó jẹ́ òótọ́ tó máa ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì bá sì ń yọ lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín ní gbogbo ìgbà, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti tẹ Allow fún ìkànnì kan nígbà kan rí, ẹ lọ síbi Notifications nínú sẹ́tíǹgì bùráúsà, ẹ yọ gbogbo èyí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀. Nọ́ńbà iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ń wá, ẹ má gbà á lára ìpolówó tó bá kọ́kọ́ jáde lórí Google, àwọn olè náà máa ń sanwó ìpolówó, ara ìwé tó bá ẹrù wá tàbí ìkànnì iléeṣẹ́ ọ̀hún gan-an ni kẹ́ ẹ ti wò ó. Ti áńtífáírọ́ọ̀sì, Microsoft Defender tó bá Windows wá tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta òmíràn fún yín lórí fóònù. Kẹ́ ẹ sì da fáìlì yín kọ síbòmíì, sórí dísíìkì tẹ́ ẹ máa ń yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ bá ti dà á tán, torí tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá ti fáìlì yín pa máa ti ìyẹn náà pa.

Tó bá ti wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ já íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lórí kọ̀ǹpútà yẹn kíá, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ pe báǹkì yín, nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì báǹkì yín ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo èyí tí ẹnì kan kà fún yín. Tó bá jẹ́ gift card ni, ẹ pe iléeṣẹ́ tó ni káàdì náà lójú ẹsẹ̀, ẹ tọ́jú káàdì àti rìsíìtì, nígbà míì wọ́n ṣì lè rí owó ọ̀hún dá dúró. Ẹ fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù yín, ti ímeèlì ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú torí òun ni wọ́n fi lè gba gbogbo ìyókù. AnyDesk, TeamViewer, ohunkóhun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dà síbẹ̀, ẹ yọ ọ́, tí kò bá sì dá yín lójú pé kò sí nǹkan míì tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ tó mọ iṣẹ́ kó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kó gbé Windows tuntun sí i. Ẹ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹnì kan pè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pé òun máa bá yín gba owó yẹn pa dà tẹ́ ẹ bá lè san díẹ̀ ṣáájú, àwọn kan náà nìyẹn tàbí ẹgbẹ́ wọn, wọ́n máa ń ta orúkọ àwọn tó ti kó sí i fún ara wọn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ tá a máa ń sọ sáwọn tí wọ́n bá lù ní jìbìtì. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ wọn yẹn, ọmọ wọn ló bá wọn wá, bó ṣe wọlé báyìí ohun tó kọ́kọ́ sọ lójú wọn ni pé "Ẹ̀yin náà, báwo lẹ ṣe máa gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́?" Ìyá ò dáhùn, wọ́n kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí kọ̀ǹpútà náà, wọ́n ń nù ún ṣáá, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Nígbà tọ́mọ jáde lọ gba fóònù ni wọ́n tó sọ fún mi pé owó yẹn ò tán síbi tóun sọ fún un, òun tún san òmíràn lẹ́yìn ẹ̀, òun ò jẹ́ sọ fún un láé. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: báǹkì lè ti dá èyí tó kẹ́yìn dúró ká ní wọ́n tètè sọ ọ́, ìtìjú ni ò jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ní òbí tó ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ sọ fún wọn lónìí pé bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ ò ní pariwo lé wọn lórí, kẹ́ ẹ sì mú un ṣẹ tó bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àwọn olè yìí ń ṣe iṣẹ́ yìí láàárọ̀ lálẹ́, ìwé ló wà níwájú wọn tí wọ́n ń kà jáde, ẹni tí wọ́n pè sì lè má tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, nǹkan méjì ni mò ń bẹ̀ yín fún. Ìkínní, ìpolówó tó ń sọ pé "Fóònù rẹ ti ní fáírọ́ọ̀sì, tẹ ibí" máa ń yọ lórí ìkànnì tiyín náà nígbà míì, láàárín ìròyìn tẹ́ ẹ forí ṣe fọrùn ṣe kọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń fọwọ́ mú un, àwọn tó ń bá yín gbé ìpolówó ló ń fi síbẹ̀, àmọ́ òǹkàwé ò mọ ìyẹn, torí pé ó fọkàn tán yín ló ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá àwọn tó ń gbé e sọ̀rọ̀, kí wọ́n dá a dúró. Ìkejì, ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí láyè nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà, torí àwọn àgbà tí wọ́n ń lù ní jìbìtì yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kà á. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà tí wọ́n lè gé kí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà: ẹ má pe nọ́ńbà tó bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó pè yín wọ orí ẹ̀, ẹ má ka nọ́ńbà gift card fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá nílò ẹni tó máa bá yín yẹ ohun tẹ́ ẹ bá kọ wò kó tó jáde, mo ṣe tán láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà.